Àmì pupa kan lójú ọ̀run: bí wọ́n ṣe mọ̀ pé gálásì JADES-GS-z14-0 jìnnà tó bẹ́ẹ̀

Ẹ bá mi wo àwòrán kan. Apá kékeré kan lójú ọ̀run ni, níbi tí wọ́n ń pè ní Fornax, tí awò awọ̀nàjíjìn James Webb tẹjú mọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálásì, ìyẹn agbo ìràwọ̀ ńláńlá, ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Òmíràn rí róbótó, òmíràn ká apá bí ìjì tó ń fẹ́ yíká, òmíràn kò ju ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ lásán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gálásì kan tó hàn jù ú lọ, àmì pupa bíńtín kan wà níbẹ̀ tí ojú lè fò kọjá. Orúkọ tí wọ́n fún un ni JADES-GS-z14-0. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù ọdún 13 kó tó kan dígí awò náà. Nígbà tó gbéra, ilé ayé kò tíì sí. Oòrùn tí ilé ayé ń yí po gan-an kò tíì sí.

Ìyẹn la gbọ́ nínú ìròyìn. Ṣùgbọ́n ta ló wọn ọ̀nà náà? Kò sẹ́ni tó lè na okùn débẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè rán lọ kó padà wá jíṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ bíńtín yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Láti bí ọdún mélòó kan, ìròyìn gálásì tó jìnnà jù lọ ti pọ̀ débi pé ó ti ń mọ́ etí lára: wọ́n á ní eléyìí ló gba ipò kìíní, kó tó pẹ́, òmíràn á ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fò nínú ìròyìn náà ni mo kà sí ọ̀rọ̀ gan-an. Àmì lórí àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí. Ìfura ni. Kí ìfura náà tó di ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, ó gba ohun èlò mẹ́rin, ó gba ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ju ọ̀kan lọ, ó sì mú kí wọ́n tún nọ́ńbà tí wọ́n ti kéde ṣe ní gbangba. Ìyẹn ni mo fẹ́ ká jọ tọpasẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tó ń gùn sí i

Kò sí ohun tó yára tó ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bí kìlómítà 300,000 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ìyára náà ní òdiwọ̀n, ọ̀run sì gbòòrò ju bí ọkàn ṣe lè gbé e lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn jù lọ, ń lo ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ti gálásì Andromeda, tí ojú lásán lè rí bí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbi tí òkùnkùn bá ti ṣú dáadáa, ń lo ọdún mílíọ̀nù 2.5. Ẹni tó bá wo Andromeda lálẹ́ òní, bó ṣe rí kí irú ènìyàn bíi tiwa tó dáyé ló ń wò. Bí ohun kan bá ṣe jìnnà sí wa tó, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mú wá ṣe pẹ́ tó.

Àgbáálá ayé ti pé nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 13.8 láti ìgbà Big Bang, ìyẹn ìgbà tí ohun gbogbo ṣì gbóná janjan tó sì fún mọ́ra, kó tó máa fẹ̀. JADES-GS-z14-0 tí a ń wò yìí, bó ṣe wà nígbà tí àgbáálá ayé jẹ́ nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 300 péré ni. Ká ní àgbáálá ayé jẹ́ ẹni 80 ọdún lónìí, àwòrán ìgbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì la gbé lọ́wọ́ yìí.

Ibì kan wà níbí tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n á ní bí ìmọ́lẹ̀ bá fi bílíọ̀nù ọdún 13 àti ààbọ̀ rìn, a jẹ́ pé gálásì náà fi ọdún ìmọ́lẹ̀ (ìyẹn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ọdún kan) bílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀ jìnnà sí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfurufú tó wà láàárín àwa àti gálásì náà ń fẹ̀, kò sì dúró de ìmọ́lẹ̀. Ọ̀nà ń gùn sí i lẹ́yìn arìnrìn-àjò, ó sì ń gùn sí i níwájú rẹ̀. Ibi tí gálásì náà wà lónìí ti lé ní ọdún ìmọ́lẹ̀ bílíọ̀nù 33 sí wa. Nítorí irú ìdàrúdàpọ̀ yìí, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ọdún ìmọ́lẹ̀ fún ara wọn. Nọ́ńbà míì ni wọ́n ń lò, redshift ni orúkọ rẹ̀, z ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́.

Bí òfurufú ṣe ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí ènìyàn ń na rọ́bà. Ìmọ́lẹ̀ búlúù, ìgbì rẹ̀ kúrú. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ìgbì rẹ̀ gùn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń sún sí ìhà pupa, ó sì lè sún kọjá pupa bọ́ sí infrared, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí rárá. Georges Lemaître ní 1927 àti Edwin Hubble ní 1929 ló la ọ̀nà tí a fi mọ̀ pé bí gálásì bá ṣe jìnnà tó ni ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe máa nà tó. Ẹ fi 1 kún z, ẹ ó mọ iye ìgbà tí ìgbì náà fi gùn ju bó ṣe wà nígbà tó gbéra. Bí z bá jẹ́ 14, ó ti di ìlọ́po 15. Ohun tó wà nínú orúkọ gálásì wa nìyẹn: JADES ni iṣẹ́ ìwádìí tó rí i, GS ni apá ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní GOODS-South, z14 sì ni redshift rẹ̀.

Ibi tí ojú Hubble mọ

Ní 1995, Robert Williams, tó jẹ́ olórí ibùdó tó ń bójú tó iṣẹ́ awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n fi orúkọ Hubble sọ, pinnu ohun kan tí àwọn kan kà sí ìfàkókòṣòfò. Ó ní kí wọ́n dojú awò náà kọ ibì kan tó dà bíi pé òfìfo ni, kí wọ́n sì fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nǹkan bí gálásì 3,000 ló jáde nínú òfìfo náà. Ní 2004, wọ́n gbé òmíràn jáde, Hubble Ultra Deep Field, ní apá Fornax yìí kan náà, gálásì tó wà nínú ìyẹn sì tó 10,000. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí Hubble kò lè kọjá, bó ti wù kó pẹ́ tó níbi tó ń wò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, nítorí òun ló ṣí ọ̀rọ̀ yìí payá fún èmi fúnra mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Ní ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, gáàsì háídrójìn ló kún òfurufú. Háídrójìn yìí máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ ultraviolet mì, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju èyí tí ojú lè rí, pàápàá èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò tó nánómítà 121.6 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Ohun tó gùn ju ìyẹn lọ lè kọjá, èyí tó kúrú jù ú kò lè kọjá. Ẹ wá mú 121.6 yìí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 15 ó lé díẹ̀, nítorí òfurufú ti nà án. Ẹ ó bá ara yín ní nǹkan bí nánómítà 1,850. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gálásì wa ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ènìyàn kò ríran kọjá nǹkan bí nánómítà 700. Hubble kò ríran kọjá nǹkan bí 1,700.

Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ gálásì náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ibi tí ojú Hubble parí sí. Ká ní wọ́n dojú Hubble kọ ibẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, òkùnkùn ni yóò máa rí.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe Webb nìyí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ló gbé e kúrò ní Kourou, ní French Guiana, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, ègé 18 ni wọ́n tò pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì fi góòlù tín-ín-rín bò ó nítorí góòlù máa ń dá infrared padà dáadáa. Ó wà ní ibi tó fi nǹkan bí kìlómítà mílíọ̀nù 1.5 jìnnà sí ilé ayé. Aṣọ agbòòrùn onípele márùn-ún, tó fẹ̀ tó pápá tẹ́níìsì, ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Òtútù ṣe pàtàkì gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí: ohunkóhun tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ ń tan infrared jáde, tí awò náà bá sì gbóná, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò bo ohun tó ń wá mọ́lẹ̀. Dígí Webb tutù kọjá dígírì 220 nísàlẹ̀ òdo. Ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò rẹ̀, MIRI, tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kù díẹ̀ kó kan ibi tí òtútù parí sí pátápátá.

Gbogbo wàhálà yìí tọ́ sí ohun tí wọ́n ń wá. Ìmọ́lẹ̀ JADES-GS-z14-0 tó ń dé ọ̀dọ̀ wa fi ohun tó ju ìlọ́po mílíọ̀nù 100 lọ kéré sí ti ìràwọ̀ tó ṣókùnkùn jù lọ tí ojú lásán lè rí. Síbẹ̀, láàárín àwọn gálásì ìgbà tirẹ̀, àràmàǹdà ló jẹ́ nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Àmì tó lè tan ni jẹ

NIRCam ni kámẹ́rà tí Webb fi ń ya irú àwòrán yìí. Ibì kan náà ló máa ń yà léraléra, ṣùgbọ́n asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń lò máa ń yàtọ̀: asẹ́ kan á jẹ́ kí ìgbì kúkúrú nìkan wọlé, òmíràn á gba èyí tó gùn díẹ̀, òmíràn á gba èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ á to àwòrán wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gálásì tó wà nítòsí máa ń hàn nínú gbogbo wọn. Gálásì tó jìnnà gan-an kò ní hàn nínú asẹ́ ìgbì kúkúrú rárá, àfi kó ṣàdédé yọ nínú àwọn tó kù. Háídrójìn tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ló fa àìhàn náà. Ibi tó bá ti yọ lójijì ni wọ́n fi ń fojú díwọ̀n bó ṣe jìnnà tó.

Mo ní wọ́n ń fojú díwọ̀n. Ọgbọ́n yìí dára, àmọ́ ó ní ọ̀tá. Gálásì tó sún mọ́ wa dáadáa, tí eruku bo inú rẹ̀, lè pupa kó sì dà bí èyí tó jìnnà. Ìràwọ̀ kékeré tó tutù, tó wà nínú gálásì tiwa níbí, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àmì kan tí wọ́n ń pè ní CEERS-93316. Ní 2022, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Webb bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, asẹ́ ìmọ́lẹ̀ fi hàn bíi pé z rẹ̀ ju 16 lọ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí ni, nígbà tí àgbáálá ayé kò tíì tó ọdún mílíọ̀nù 250 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti gbéra. Ìròyìn rẹ̀ tàn kálẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ohun èlò tó péye wò ó, z rẹ̀ kò sì ju 4.9 lọ. Eruku àti ìmọ́lẹ̀ líle tí gáàsì inú rẹ̀ ń tú jáde ló parapọ̀ ya àwòrán èké. Inú mi dùn pé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fúnra wọn ló tú àṣìṣe náà fó, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àmọ́ mélòó nínú àwọn tó ka ìròyìn àkọ́kọ́ ló ka èkejì?

Nítorí náà, nígbà tí àmì pupa yìí jáde nínú àwòrán JADES, wọn kò yára pariwo. Ìdí méjì ló mú wọn fura sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ohun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èkejì, gálásì kan tó sún mọ́ wa jù ú lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an débi tí ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ apá kan èkejì? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n padà lọ ya ibẹ̀ pẹ̀lú asẹ́ tó pọ̀ sí i. Àmì náà kò yí padà. Ó ṣì ń sọ pé òun jìnnà.

Wákàtí mẹ́wàá

Ohun èlò tó ń ya òótọ́ sọ́tọ̀ lára irọ́ ni wọ́n ń pè ní NIRSpec. Ìmọ́lẹ̀ ni ó máa ń pín sí wẹ́wẹ́, bí òjò ṣe ń pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn di òṣùmàrè, kí wọ́n lè ka iye ìmọ́lẹ̀ tó wà ní gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan. Òṣùmàrè yìí, spectrum ni wọ́n ń pè é. Ohun tó jọ mí lójú nínú NIRSpec ni àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń lọ sí 250,000 ló wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn kò fẹ̀ ju fọ́nrán irun mélòó kan lọ. Wọ́n lè ní kí gbogbo wọn tì, kí àwọn tó kọjú sí gálásì tí wọ́n fẹ́ nìkan ṣí. Báyìí, ìmọ́lẹ̀ aládùúgbò kò ní dà pọ̀ mọ́ ti ẹni tí wọ́n ń wá.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ilẹ̀kùn ṣí sí JADES-GS-z14-0 fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Nígbà tí spectrum náà jáde, ó dà bí etí ọ̀gbun: ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti ìhà ìgbì gígùn wá, kò dáwọ́ dúró, ó dé nǹkan bíi nánómítà 1,850, ó sì já bọ́. Ní òdìkejì, kò sí nǹkan kan. Gálásì eruku kì í ní irú etí tó gún bẹ́ẹ̀. Ìṣirò wọn gbé z jáde bíi 14.32. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹ́ JADES kéde rẹ̀. Stefano Carniani ti Scuola Normale Superiore ní Pisa, Ítálì, àti Kevin Hainline ti Yunifásítì Arizona ní Amẹ́ríkà ló ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ náà. Gálásì tó wà ní ipò kìíní tẹ́lẹ̀, JADES-GS-z13-0, z tirẹ̀ jẹ́ 13.2.

Àwòrán náà tún sọ ohun mìíràn. Gálásì yìí fẹ̀ ju ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,600 lọ. Ó kéré sí gálásì tiwa, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 100,000, àmọ́ fífẹ̀ náà ṣe kókó. Ká ní ihò dúdú kan tó ń gbé gáàsì mì láàárín rẹ̀ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ náà, ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ì bá ti máa wá. Bó ṣe tàn káàkiri fi hàn pé ìràwọ̀ ni, ìràwọ̀ tuntun tó pọ̀ jọjọ, tí ìwọ̀n gbogbo wọn tó ti oòrùn lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù. MIRI náà rí i, ní ìgbì tó gùn gan-an, ìmọ́lẹ̀ tó sì rí pọ̀ ju bí ìràwọ̀ nìkan ṣe lè tan lọ. Wọ́n fura pé gáàsì háídrójìn àti ọ́síjìn ló ń dá kún un. Ìfura nìyẹn náà.

Ọ́síjìn

Ohun kan ṣì kù díẹ̀ káàtó nínú spectrum ti Webb. Etí ọ̀gbun ló fi mọ z, kò rí ìlà tó dá dúró gedegbe. Gbogbo ohun tó wà láyé, háídrójìn, ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù, ní ìlà ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí kì í ṣi ní gígùn ìgbì, bí ìka ọwọ́ ènìyàn ṣe máa ń ní ìlà tirẹ̀. Bí wọ́n bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì mọ ibi tí òfurufú nà án dé, àríyànjiyàn á tán.

ALMA ni wọ́n tọ̀ lọ. Kì í ṣe awò kan ṣoṣo. Áńténà 66 ni, tí wọ́n tò sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Chajnantor nínú aṣálẹ̀ Atacama ní orílẹ̀-èdè Chílè, ní ibi tó ga tó nǹkan bíi mítà 5,000. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ìrì omi inú rẹ̀ kéré, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìgbì tí ALMA ń gbà lè kọjá wọlé, nítorí ìrì omi ló máa ń gbé e mì. Ọ́síjìn tó ti pàdánù ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì máa ń tan ìlà kan tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.088. Bí z bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14.2, ó yẹ kí ìlà yìí dé ilé ayé bíi mílímítà 1.34. Wọ́n wo ibẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe ìtúpalẹ̀ náà, Sander Schouws ti Yunifásítì Leiden ní Netherlands ṣíwájú ọ̀kan, Carniani ṣíwájú èkejì. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n kéde rẹ̀. z gálásì náà jẹ́ 14.1796, ó sì péye bí ìgbà tí ènìyàn wọn kìlómítà kan tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ.

Ẹ ó ti rí i pé 14.32 ti di 14.18. Àwọn kan lè ní, ṣé ẹ rí i, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n kéde 14.32, wọ́n sọ bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe lè tóbi tó, 14.18 sì wà nínú ààlà tí wọ́n pa náà. Ìdí tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ fi ga díẹ̀ tún yéni: gáàsì háídrójìn tó ṣù mọ́ gálásì náà pọ̀, ó jẹ díẹ̀ kún un lára ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó kọjá, etí ọ̀gbun wá sún síwájú díẹ̀. Irú àtúnṣe yìí ló mú kí n fọkàn tán nọ́ńbà kejì.

Ṣùgbọ́n ọ́síjìn náà fúnra rẹ̀ ló ń yà wọ́n lẹ́nu jù, kì í ṣe nọ́ńbà. Big Bang kò dá ọ́síjìn. Háídrójìn àti hílíọ̀mù ló fi sílẹ̀, pẹ̀lú lítíọ̀mù díẹ̀ bíńtín. Inú ìràwọ̀ ni ọ́síjìn ti ń wá. Ìràwọ̀ ńlá á jó háídrójìn rẹ̀ di hílíọ̀mù, á jó hílíọ̀mù di kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, títí yóò fi bú gbàù tí gbogbo ohun tó sè sínú á fọ́n ká sínú gáàsì tó yí i ká. Ìràwọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé, mílíọ̀nù ọdún mélòó kan péré ni ó máa ń lò. Bí ọ́síjìn bá wà nínú gálásì tí a ń wò ní ọdún mílíọ̀nù 300 lẹ́yìn Big Bang, a jẹ́ pé àwọn ìràwọ̀ kan ti dáyé níbẹ̀, wọ́n ti gbó, wọ́n ti kú, òkú wọn sì ti di ohun èlò fún àwọn mìíràn, kó tó di ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ yìí gbéra. Ìwọ̀n ohun wíwúwo, irú bí ọ́síjìn, tí wọ́n bá nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí wọ́n retí. Ẹni tí wọ́n rò pé ọmọ ọwọ́ ni, ó ti lé eyín.

Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí báyìí

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ẹgbẹ́ kan tí Rohan Naidu ti ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ṣíwájú rẹ̀ gbé gálásì mìíràn jáde, MoM-z14, tí z rẹ̀ jẹ́ 14.44. Nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 280 lẹ́yìn Big Bang ni ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ gbéra. NIRSpec ló fìdí òun náà múlẹ̀, àmọ́ ó kéré gan-an ju JADES-GS-z14-0 lọ ní fífẹ̀, náítrójìn sì pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò wọ́pọ̀. Ipò kìíní tún ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Ní tèmi, ipò kìíní kọ́ ló yẹ kó gba àfiyèsí wa. Gálásì méjèèjì yìí ń jẹ́rìí sí ohun kan náà: àwọn gálásì tó mọ́lẹ̀ pọ̀ ní ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́nà tó ju ohun tí ìṣirò sọ kí Webb tó gbéra.

Àwọn kan ti gbé e kiri pé èyí ti fọ́ Big Bang yángá. Kò fọ́ ọ. Redshift tí a fi mọ̀ pé gálásì wọ̀nyí jìnnà, láti inú fífẹ̀ àgbáálá ayé ló ti wá, ẹni tó bá sì da ìyẹn nù ti da nọ́ńbà tó fẹ́ fi jà nù pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́jọ́ ni bí gáàsì ṣe ń di ìràwọ̀. Bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ kíákíá ju bí a ṣe rò lọ nígbà yẹn. Bóyá ìràwọ̀ ń jáde ní ìrúkèrúdò, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún bú jáde, kó sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bú jáde la máa ń rí wọn jù. Bóyá eruku tó yẹ kó bo ìmọ́lẹ̀ wọn ni kò tíì pọ̀. Àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ sì lè tóbi ju tòde òní lọ, kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ nínú wọn tó ti ọ̀pọ̀ yanturu tiwa. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí èyíkéyìí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ju ọ̀kan lọ ló jẹ́ òótọ́.

Kí àríyànjiyàn náà tó lè yanjú, gálásì méjì tàbí mẹ́ta kò tó. Wọ́n nílò púpọ̀ sí i tí wọ́n ti ka spectrum wọn. Nínú àwòrán Webb, àwọn àmì pupa mìíràn wà tí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ fi hàn bíi pé z wọn kọjá 15. Àwọn onímọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àkókò lórí awò náà lọ́dọọdún pọ̀ ju wákàtí tó wà nílẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn àmì yẹn ṣì wà lórí ìlà, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí ilẹ̀kùn NIRSpec yóò ṣí sí wọn.